Ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ sọ pé "u àti v kì í ṣe parallel" kí a tó fi coefficient wéra

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Mò ń múra sílẹ̀ fún Further Mathematics nínú WAEC. Tí a bá ń ṣe ìṣirò fẹ́ktọ̀, olùkọ́ wa máa ń dé ibì kan tí yóò ti kọ ọ́ pé "níwọ̀n bí u àti v kì í ti í ṣe parallel, ẹ jẹ́ ká fi coefficient wéra," ìdọ́gba kan á sì di méjì lójijì. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àmọ́ mi ò mọ ìdí rẹ̀. Kí ni ọ̀rọ̀ parallel ń wá níbẹ̀? Ṣé ó pọn dandan kí n kọ gbólóhùn yẹn? Ọ̀rẹ́ mi tún sọ pé bí fẹ́ktọ̀ bá tiẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, tí kò ṣáà ti sí méjì tó jẹ́ parallel nínú wọn, a ṣì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé òótọ́ ló sọ?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o káre. Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi nínú, torí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ti ń lo ìgbésẹ̀ yìí láti ọdún dé ọdún láì béèrè ohun tó fún wọn láṣẹ. Ọ̀rẹ́ rẹ kò tọ̀nà, màá sì fi hàn ọ́ níwájú. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti fẹ́ktọ̀ méjì, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ohun tí olùkọ́ rẹ ń sọ nìyí. Fẹ́ktọ̀ méjì wà, u àti v, ìyẹn ohun tó ní gígùn, tó sì ní ibi tó dojú kọ. Àwọn nọ́ńbà lásán náà wà, p, q, r àti s, tó dúró níwájú fẹ́ktọ̀ láti sọ ìlọ́po mélòó rẹ̀ la mú. Àwọn ni coefficient. Ìṣirò wa gbé wa dé ibi tí a ti rí i pé

pu + qv = ru + sv

Kíá, olùkọ́ rẹ kọ ọ́ pé p = r, àti pé q = s. Wò ó dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ ńlá ló sọ yẹn. Bí mo bá ní nọ́ńbà méjì tí àròpọ̀ wọn jẹ́ 10, tí ìwọ náà ní méjì tí àròpọ̀ wọn jẹ́ 10, kò sẹ́ni tó máa sọ pé nọ́ńbà mi àti tìrẹ gbọ́dọ̀ bára mu. Tèmi lè jẹ́ 3 àti 7, kí tìrẹ jẹ́ 4 àti 6. Tí nǹkan bá ti di àròpọ̀, a kì í sábà mọ ohun tí wọ́n rò pọ̀ mọ́. Kí ló wá dé tí àròpọ̀ fẹ́ktọ̀ ṣe ń jẹ́ ká mọ̀?

Gbà pé o dúró sí oríta kan. Ọ̀nà kan lọ sí ìlà oòrùn, èkejì lọ sí àríwá. O rin kìlómítà 3 sí ìlà oòrùn, o sì rin 4 sí àríwá. Ẹni tó bá mọ ibi tí o ti gbéra, tó sì rí ibi tí o dé, lè sọ iye tí o rìn lójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan láì bi ọ́, torí bó ti wù kí o rìn tó sí àríwá, kò lè sún ọ sí ìlà oòrùn rárá. Wàyí o, gbà pé ìlà oòrùn ni ọ̀nà méjèèjì lọ. O rin 3 lójú àkọ́kọ́ àti 4 lójú èkejì. Ẹni tó rí ọ níbi tí o dé yóò mọ̀ pé 7 ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ kò sí bó ṣe lè mọ̀ bóyá 3 àti 4 ni, tàbí 5 àti 2, tàbí 10 àti −3. Ọ̀nà kan ti lè ṣiṣẹ́ fún èkejì, ibẹ̀ ni ẹ̀rí ti pòórá.

Ohun tí parallel ń wá níbẹ̀ nìyẹn. Fẹ́ktọ̀ méjì jẹ́ parallel bí ọ̀kan bá jẹ́ ìlọ́po èkejì, bíi v = 2u, tàbí v = −5u. Àmì òdì kàn yí ojú rẹ̀ sẹ́yìn ni, ìlà kan náà ni wọ́n ṣì ń tọ̀. Má sì rò pé àfi kí u àti v dá igun 90 sílẹ̀ láàárín ara wọn. Bí wọ́n bá fi ìwọ̀n kékeré yà fún ara wọn, ó ti tó.

Jẹ́ ká fi nọ́ńbà wò ó kí o lè fojú ara rẹ rí bó ṣe ń bàjẹ́. Mú u = (1, 2) àti v = (2, 4). Ṣírò 4u + v: ó jẹ́ (4 + 2, 8 + 4), ìyẹn (6, 12). Ṣírò 2u + 2v: ó jẹ́ (2 + 4, 4 + 8), (6, 12) náà ni. Nítorí náà 4u + v = 2u + 2v, òótọ́ pọ́ńbélé. Bí o bá wá fi coefficient wéra, wàá kọ ọ́ pé 4 = 2 àti 1 = 2. Ìdọ́gba tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ kò ní àbùkù kankan. Fífi coefficient wéra ló bà á jẹ́, torí v jẹ́ 2u, wọ́n sì jẹ́ parallel. Ohun kan ṣoṣo tí irú ìdọ́gba bẹ́ẹ̀ lè sọ fún ọ ni pé p + 2q = r + 2s. Ìdọ́gba kan ni, kì í ṣe méjì.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò gùn, mo sì fẹ́ kí o lè kọ ọ́ láì wo ìwé. Bẹ̀rẹ̀ láti pu + qv = ru + sv. Kó gbogbo u sí apá kan, kó gbogbo v sí apá kejì:

(p − r)u = (s − q)v

Ká ní p àti r kò dọ́gba. Á jẹ́ pé p − r kì í ṣe òdo, a sì lè fi pín apá méjèèjì. Yóò di u = [(s − q)/(p − r)]v. Nọ́ńbà lásán lohun tó wà nínú àkámọ́ yẹn, nítorí náà u ti di ìlọ́po v, ìyẹn ni pé wọ́n jẹ́ parallel. Bẹ́ẹ̀ a ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé wọn kì í ṣe parallel. Ọ̀rọ̀ náà ta ko ara rẹ̀, kò sì sí ọ̀nà àbáyọ míì ju kí p dọ́gba pẹ̀lú r. Apá òsì ti di òdo, ó sì ku (s − q)v = 0. v fúnra rẹ̀ kì í ṣe fẹ́ktọ̀ òdo, nítorí náà s = q.

Ṣé o rí ibi tí ọ̀rọ̀ parallel ti wọlé? Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, lásìkò tí a pín. Bí o bá yọ ọ́ kúrò, ẹ̀rí náà wó lulẹ̀. Kíyè sí i pẹ̀lú pé mo ní v kì í ṣe fẹ́ktọ̀ òdo. Fẹ́ktọ̀ òdo jẹ́ ìlọ́po gbogbo fẹ́ktọ̀, torí náà kò lè bá ẹnikẹ́ni ṣe irú iṣẹ́ yìí: 5 lọ́nà òdo àti 7 lọ́nà òdo, ọ̀kan náà ni. Ìwé tó bá fẹ́ kó pé máa ń kọ ọ́ pé "u àti v kì í ṣe òdo, wọn kì í sì í ṣe parallel."

Ó yá, jẹ́ ká lò ó níbi tí wọ́n ti sábà ń lò ó. Onígun mẹ́ta OAB wà níwájú wa. OA = u, OB = v. M wà ní àárín OA gan-an. N wà lórí OB, débi pé ON jẹ́ ìlọ́po méjì NB, ìyẹn ni pé ON : NB = 2 : 1. Ìlà AN àti ìlà BM pàdé ní X. Wọ́n ní kí a wá OX.

Yà á sórí pépà kí o tó ka ohun tó kàn. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé ọ̀nà méjì ló wà láti dé X, a ó sì gba méjèèjì. Láti O, lọ sí A, kí o wá tọ AN lọ. A kò mọ ibi tí X wà lórí AN, nítorí náà a ní AX = hAN, kí h jẹ́ nọ́ńbà tí a ń wá. AN jẹ́ (2/3)v − u, torí láti A a padà sí O (−u), ká tó lọ sí N ((2/3)v). Nítorí náà

OX = u + h[(2/3)v − u] = (1 − h)u + (2h/3)v

Ọ̀nà kejì: láti O lọ sí B, kí o wá tọ BM. BM jẹ́ (1/2)u − v. Pe BX ní kBM. Má ṣe tún lo h níbí o, torí kò sí ohun tó sọ pé ìdá kan náà ni a rìn lórí ìlà méjèèjì. Ibí yìí ni máàkì ti ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ.

OX = v + k[(1/2)u − v] = (k/2)u + (1 − k)v

X kan ṣoṣo ló wà, torí náà méjèèjì dọ́gba. Wàyí, u àti v kì í ṣe parallel. Báwo la ṣe mọ̀? Nítorí pé OAB jẹ́ onígun mẹ́ta. Ká ní OA àti OB jẹ́ parallel, O, A àti B ì bá wà lójú ìlà kan ṣoṣo, kò sì ní sí onígun mẹ́ta kankan. A ti gba àṣẹ wa nìyẹn:

1 − h = k/2, 2h/3 = 1 − k

Ti àkọ́kọ́ fún wa ní k = 2 − 2h. Fi í sínú èkejì: 2h/3 = 2h − 1, èyí tó di 4h/3 = 1, h = 3/4. k wá jẹ́ 1/2. OX = (1/4)u + (1/2)v. Lo ọ̀nà kejì tí a gbà dé X láti yẹ̀ ẹ́ wò: k/2 jẹ́ 1/4, 1 − k jẹ́ 1/2. Ó bára mu. A sì ti mọ nǹkan méjì tí kò hàn lójú àwòrán: X wà ní àárín BM gan-an, ó sì pín AN sí 3 : 1.

Jẹ́ ká tẹ̀ síwájú díẹ̀, torí ibi tó kàn yìí dùn. Fa OX gùn títí yóò fi kan AB ní Y. OY jẹ́ ìlọ́po OX, pè é ní tOX, ìyẹn (t/4)u + (t/2)v. Ní tòótọ́, ojúàmì tó bá wà lórí ìlà AB máa ń jẹ́ u + m(v − u), ìyẹn (1 − m)u + mv, bó ti wù kí m jẹ́. Tún fi coefficient wéra: t/4 = 1 − m, t/2 = m. Rò wọ́n pọ̀: 3t/4 = 1, t = 4/3, m = 2/3. OY = (1/3)u + (2/3)v, AY : YB sì jẹ́ 2 : 1. Bí o bá ti gbọ́ nípa Giovanni Ceva, ará Ítálì tó tẹ òfin rẹ̀ jáde ní 1678, o lè fi yẹ ìdáhùn wa wò. Òfin náà sọ pé bí ìlà AN, BM àti OY bá pàdé ní ojúàmì kan ṣoṣo, OM/MA lọ́nà AY/YB lọ́nà BN/NO gbọ́dọ̀ jẹ́ 1. Tiwa jẹ́ 1 × 2 × 1/2. Ó pé. Ọlá òfin yẹn kò tiẹ̀ jẹ́ ti Ceva nìkan: al-Mu'taman ibn Hud, ọba tó jẹ ní Zaragoza ní ilẹ̀ Sípéènì láti 1081 sí 1085, ti mọ̀ ọ́n ṣáájú rẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mẹ́fà ọdún. Ó máa ń wù mí kí àwọn ọmọ wa mọ̀ pé ìṣirò ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá kó tó dé inú ìwé wọn.

Kí lo máa ṣe bí o bá fi coefficient wéra tí kò sí ìdáhùn? Má pa iṣẹ́ rẹ rẹ́ kíákíá. Fi P sí àárín OA, Q sí àárín OB, kí o wá ibi tí ìlà PQ àti ìlà AB ti pàdé. Ọ̀nà kan fún ọ ní (1/2 − h/2)u + (h/2)v, èkejì fún ọ ní (1 − k)u + kv. Coefficient v sọ pé h/2 = k. Fi k rọ́pò h/2 nínú coefficient u, yóò di 1/2 − k = 1 − k, ìyẹn 1/2 = 1. Irọ́ ni. Àmọ́ kì í ṣe ìwọ lo ṣìnà. Ohun tí ìṣirò ń sọ ni pé kò sí ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé, torí wọ́n jẹ́ parallel síra wọn. O ti fi ẹ̀rí òfin àárín ẹ̀gbẹ́ onígun mẹ́ta múlẹ̀ láì mọ̀, ìyẹn òfin tó sọ pé ìlà tó so àárín ẹ̀gbẹ́ méjì pọ̀ jẹ́ parallel sí ẹ̀gbẹ́ kẹta.

Ti ọ̀rẹ́ rẹ ló kù. Ó ní bí fẹ́ktọ̀ bá jẹ́ mẹ́ta, tí kò sí méjì tó jẹ́ parallel nínú wọn, kò séwu. Padà sí onígun mẹ́ta wa. OA = u, OB = v, kí o wá pe AB ní w. Kò sí méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jẹ́ parallel, ẹ̀gbẹ́ onígun mẹ́ta kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ láti O sí A, tó sì lọ láti A sí B, ti dé B. Nítorí náà

v = u + w

Kò sí ẹni tó lè jiyàn èyí. Fi coefficient wéra ní ọ̀nà ọ̀rẹ́ rẹ: ti u, 0 = 1; ti v, 1 = 0; ti w, 0 = 1. Gbogbo rẹ̀ irọ́. Lórí pépà pẹrẹsẹ, fẹ́ktọ̀ méjì tí kì í ṣe parallel ti tó láti fi kọ fẹ́ktọ̀ èyíkéyìí. Ẹ̀kẹta tó bá wọlé, àwọn méjì àkọ́kọ́ lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ìdààmú ọ̀nà méjì tó jẹ́ ọ̀kan sì ti padà dé. Tó o bá wà nínú ààyè tó ní gígùn, ìbú àti gíga, fẹ́ktọ̀ mẹ́ta lè ṣiṣẹ́, àmọ́ ohun tí wàá béèrè ni pé kí wọ́n má ṣe jọ wà lórí pẹrẹsẹ kan náà. Bíi i, j àti k tí o mọ̀: i àti j wà nílẹ̀, k dìde sókè. Ẹ̀rí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí a ṣe lókè. Bí coefficient kan bá yàtọ̀, o lè pín, kí fẹ́ktọ̀ kan di àkópọ̀ méjì yòókù, ó sì ti wà lórí pẹrẹsẹ wọn nìyẹn.

Èyí máa ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá ìdánwò lọ́nà tí ó ṣòro láti rí. Ọmọ á kọ OX pẹ̀lú u àti AB, á tún kọ ọ́ pẹ̀lú u àti v, á wá fi coefficient u ti apá kan wé ti apá kejì nígbà tí AB ṣì jókòó síbẹ̀. Kí o tó fi nǹkankan wéra, rí i dájú pé fẹ́ktọ̀ méjì kan náà ló wà ní apá méjèèjì ìdọ́gba náà, kò sì sí ẹ̀kẹta. AB gbọ́dọ̀ ti di v − u.

Nípa kíkọ gbólóhùn yẹn, bẹ́ẹ̀ ni, kọ ọ́, kí o sì so ìdí mọ́ ọn: "u àti v kì í ṣe parallel, torí OAB jẹ́ onígun mẹ́ta." Gbólóhùn yẹn ló gbé iṣẹ́ rẹ láti ìdọ́gba kan sí méjì. Pàápàá tí ìbéèrè bá ní kí o fi ẹ̀rí hàn, ẹni tó fò ó ti fo apá kan nínú ẹ̀rí náà. Bó bá jẹ́ pé nọ́ńbà ni wọ́n fún ọ, bíi u = (1, 2) àti v = (2, 5), yẹ̀ ẹ́ wò: mú nọ́ńbà àkọ́kọ́ u lọ́nà ìkejì v, kí o yọ ìkejì u lọ́nà àkọ́kọ́ v kúrò; òdo ló máa ń jẹ́ bí wọ́n bá jẹ́ parallel. Níbí, 1 × 5 − 2 × 2 = 1, kì í ṣe òdo, nítorí náà wọn kì í ṣe parallel, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ. Ti (1, 2) àti (2, 4) jẹ́ 1 × 4 − 2 × 2 = 0. Ojú lásán lè tàn ọ́ jẹ, ìṣirò yìí kò ní tàn ọ́ jẹ.

O ti ń lo èrò yìí níbòmíràn láì fura. Tí o bá rí p + q√2 = r + s√2, tí p, q, r, s sì jẹ́ odidi tàbí ìdá, o máa ń sọ pé p = r, q = s. Ká ní q àti s yàtọ̀, √2 ì bá jẹ́ (p − r)/(s − q), ó ti di ìdá, bẹ́ẹ̀ √2 kì í ṣe ìdá. Ẹ̀rí kan náà ni. Gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú √4, á bàjẹ́: 1 + 2√4 jẹ́ 5, 3 + √4 náà jẹ́ 5. Ti complex number náà nìyẹn, ti polynomial náà nìyẹn. Linear independence ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀ ní yunifásítì. Hermann Grassmann, tíṣà kan ní ìlú Stettin tó ti wà ní ilẹ̀ Poland báyìí, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ là á sílẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1844. Àwọn oníṣirò ìgbà náà kò fi bẹ́ẹ̀ kà á, ó sì yíjú sí èdè Sanskrit nígbà tó yá. Ní 1888 ni Giuseppe Peano, oníṣirò ará Ítálì, wá to òfin fẹ́ktọ̀ bí a ṣe ń kọ́ ọ lónìí.

Mo fẹ́ kí o ṣe iṣẹ́ kan fúnra rẹ. Nínú onígun mẹ́ta wa, M ṣì wà ní àárín OA, ṣùgbọ́n N kò sí ní 2/3 mọ́: jẹ́ kí ON = cOB, kí c wà láàárín 0 àti 1. Wá X, kí o sì wá Y. Ó yẹ kí h jẹ́ 1/(2 − c), kí OY sì jẹ́ (1 − c)u + cv. Lẹ́yìn náà yọ ON kúrò nínú OY, kí o wo ohun tó kù: (1 − c)u. Ibi yòówù tí o bá fi N sí lórí OB, ìlà NY máa ń jẹ́ parallel sí OA.